Ọmọ wẹ́wẹ́ méjì, ilé àna kan: níbo ni kí ẹ sùn?

Ìbéèrè: Ọmọ méjì la bí. Àkọ́bí ti pé ọdún mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méje. Àwọn òbí ọkọ mi fẹ́ ká wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn. Yàrá kan ṣoṣo ló máa kù fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, tó jẹ́ pé àkọ́bí nìkan la ní, kò sẹ́ni tó rí oorun sùn nínú ilé náà. Èmi fẹ́ ká gba òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní àrífín ni yóò jẹ́ sí àwọn òbí òun. Ìyá ọkọ mi tún ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta máa wá sùn lọ́dọ̀ òun. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn kí n tó ṣàlàyé. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ibòmíràn ni kí ẹ máa sùn, kí ibẹ̀ sún mọ́ ilé náà dáadáa, kí ẹ sì máa lo ojúmọmọ lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ yín. Kì í ṣe torí pé òtẹ́ẹ̀lì dára ju ilé ẹbí lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni mo máa ń gbà nímọ̀ràn pé kí wọ́n dúró sílé ẹbí, ó sì máa ń bá wọn lára mu. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń pinnu: ṣé yàrá kan wà tí ọmọ lè sùn sí, tí a lè pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé láago méje alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní í wọ ibẹ̀ wá mú nǹkan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Bó bá wà, ẹ dúró. Bí kò bá sí, ẹ má dúró, bó ti wù kí ilé náà tóbi tó.

Bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà. Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà, mátírẹ́ẹ̀sì kan tún wà tí a lè tẹ́ sílẹ̀, àyè gbà yín.” Àyè gba ara lóòótọ́, oorun ni kò gbà. Àgbàlagbà lè dúró kí ilé dákẹ́ ní aago mọ́kànlá kó tó sùn. Ọmọ oṣù méje kò lè dúró dè é. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019, wọ́n ní kí ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá máa sun wákàtí 12 sí 16 lóòjọ́, kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sì máa sun wákàtí 10 sí 13, pẹ̀lú oorun ọ̀sán. Ẹ wá fi ṣírò ilé tí ẹ ń lọ. Àbúrò nílò ibi tó dákẹ́ fún ìdajì ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo òru, àti ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lójú ọ̀sán. Yàrá yẹn kan náà ni ẹrù yín máa wà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa pààrọ̀ aṣọ, ibẹ̀ náà ni ẹnì kan yóò sáré wọ̀ wá mú ṣájà fóònù.

Ẹ tún fi ti àjèjì ibùsùn kún un. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2016 pé bí àgbàlagbà bá sùn níbi tí ara rẹ̀ kò tíì mọ́, apá kan ọpọlọ rẹ̀ kì í sùn wọra bí èkejì lálẹ́ àkọ́kọ́. Ńṣe ló ń ṣọ́nà. Àgbàlagbà nìyẹn o, tó mọ ibi tí òun wà àti ìdí tí òun fi wá. Ọmọ oṣù méje ò mọ̀ ju pé ògiri yìí kọ́ ni ògiri tí òun máa ń rí. Àsìkò yìí gan-an, láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ, ni ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan ojú, tí wọ́n ń ké bí ìyá bá kúrò níwájú wọn tàbí bí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá gbé wọn. Nítorí náà, bó bá jí ní aago méjì òru, kò ní í rọra sùn padà bó ti ń ṣe nílé. Yóò ké, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò jí, bàbá àgbà yóò wá kan ilẹ̀kùn pé kí ló ń ṣe ọmọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Nínú ilé tó kún fọ́fọ́, kì í ṣe ìyá nìkan ló ń fi ṣe é. Gbogbo ẹbí ló kó mọ́ ọn.

Ohun tó ń tẹ̀lé ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọkọ yín gbọ́, nítorí òun ló ń bẹ̀rù àrífín. Bó bá máa di ọjọ́ kẹta, ara gbogbo ènìyàn á ti máa kan. Ìyá ọmọ á máa kánjú bínú, bàbá ọmọ á fajú ro, ìyá àgbà á máa rò pé ilé òun ni kò tù yín lára, ẹ̀gbọ́n ọkọ á sọ̀rọ̀ kan nípa bí ẹ ṣe ń tọ́ ọmọ, èèyàn kan á sì fún un lésì. Àìsùn ló ń bá wọn jà, àmọ́ ìwà ara wọn ni wọ́n á máa rí. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí àlejò bá ti padà sílé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àrífín, èyí tó ti inú ìrunú jáde lẹ́nu ni mo máa bẹ̀rù jù, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ibi tí àbúrò máa fi ẹ̀yìn lé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ì báà jẹ́ ilé àna tàbí òtẹ́ẹ̀lì. Nínú ìlànà tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, tún ṣe ní 2022, wọ́n ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan máa sùn lórí ibùsùn tirẹ̀, kó tẹ́jú, kó le, kí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ìrọ̀rí, kúbùsù tàbí ọmọláńgidi má sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú òbí fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kéré tán. Tiyín ti kọjá oṣù mẹ́fà, àmọ́ níbi àjèjì, mo ṣì fẹ́ kó wà níbi tí ẹ ti lè gbọ́ ìmí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ nínú ìbẹ̀wò ni pé ibùsùn ọmọ kì í sí, èèyàn á wá dá ọgbọ́n. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sáàárín bẹ́ẹ̀dì ńlá, wọ́n á fi ìrọ̀rí ká a mọ́ kó má baà ṣubú. Ọmọ oṣù méje ti ń yí ara. Ìrọ̀rí tí ẹ fi ṣe ọgbà yẹn gan-an ló lè sé e lémìí, tàbí kó há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Àga ìrọ̀gbọ̀kú ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Kí àgbàlagbà tó ti rẹ̀ má ṣe gbé ọmọ sáyà sùn lọ lórí àga láéláé, bí bàbá àgbà tilẹ̀ ní ó ti mọ́ òun lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀: kó sùn sínú rẹ̀ lójú ọ̀nà kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dé, ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú.

Ìyá àgbà tún lè sọ pé ibùsùn tí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ sùn sí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ṣì wà nínú yàrá ẹrù. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ó sì máa ń ṣòro láti kọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo àárín igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, ara ọmọ lè yọ níbẹ̀ kí orí há. Bó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń gòkè, ẹ má lò ó rárá. Amẹ́ríkà ti fòfin de ṣíṣe é àti títà á láti 2011 lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kú sínú rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ wo etí mátírẹ́ẹ̀sì náà pẹ̀lú: bí ìka méjì bá wọ àárín òun àti igi, ó ti kéré jù. Ẹ lè fi ibùsùn àtijọ́ náà ya fọ́tò, kí ọmọ jókòó sínú rẹ̀ lójú yín kí ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, kó ṣáà má sùn síbẹ̀ ni.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ra ibùsùn ọmọ tó ṣeé ká tàbí kí ẹ yá a, kí ẹ gbé e dání. Mátírẹ́ẹ̀sì pẹlẹbẹ tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má fi òmíràn lé e pé kó lè rọ̀ sí i. Alẹ́ mélòó kan ṣáájú ìrìn àjò, ẹ jẹ́ kó máa sùn sínú rẹ̀ nílé, kó lè jẹ́ pé bí gbogbo nǹkan yòókù bá yí padà, ibùsùn kò yí padà. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá ní àwọn máa pèsè ibùsùn ọmọ, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, nítorí èyí tí wọ́n ní kì í pọ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ẹ mì í, kí ẹ rí i pé gbogbo ìdè rẹ̀ ti wọlé.

Ti ọmọ ọdún mẹ́ta yàtọ̀. Ibi tó ti lè sùn kò ṣòro, mátírẹ́ẹ̀sì orí ilẹ̀ ti tó. Ojúmọmọ rẹ̀ ni ìṣòro, nítorí ilé ibi tí ọmọ kékeré kò ti gbé fún ìgbà pípẹ́ kì í mọ̀ pé òun léwu. Oògùn ni mo máa ń fi ṣáájú. Àwọn àgbàlagbà máa ń gbé oògùn sórí tábìlì kí wọ́n má baà gbàgbé, tàbí kí wọ́n kó o sínú àpótí ọlọ́jọ́ méje tí ọmọ lè ṣí pẹ̀lú ìka kan. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Nínú oògùn àtọ̀gbẹ, irú kan wà tó jẹ́ pé hóró kan ṣoṣo lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré lọ sílẹ̀ débi tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi wà nínú ewu. Àwọn oògùn ọkàn kan náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọkọ yín bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó dé pé kí gbogbo oògùn wọ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, títí kan èyí tó wà nínú báàgì ẹ̀gbọ́n ọkọ. Báàgì àlejò tó wà nílẹ̀ léwu ju kọ́bọ́ọ̀dù onílé lọ, nítorí kò sẹ́ni tó rántí pé oògùn wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bí owó wẹ́wẹ́, èyí tó máa ń wà nínú rìmóòtù, aago, òṣùwọ̀n ilé ìdáná àti káàdì tó ń kọrin. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó inú ọ̀fun náà láàárín wákàtí méjì péré. Bí ẹ bá fura, ilé ìwòsàn lẹ ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó bóyá yóò bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ wo omi náà: garawa tí a pọn omi sí, agbada ìwẹ̀, adágún ẹ̀yìnkùlé. Omi tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ ti tó láti pa ọmọ kékeré tó bá ṣubú dojú bolẹ̀ sínú rẹ̀. Omi gbígbóná tó bá tó 60°C lè bó awọ ọmọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ yín ṣí ẹ̀rọ balùwẹ̀ wò kí ẹ tó gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Ajá ilé, bó ti wù kó níwà tútù tó, kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ yín kankan. Bí ẹnì kan bá ń fa sìgá nínú ilé, ìyẹn nìkan ti tó fún mi láti ní kí ẹ sùn síta, torí èéfín rẹ̀ máa ń wọ kọ́tìnnì àti tìmùtìmù, kì í tán bí a bá ṣí fèrèsé.

Ẹ má wá rò pé òtẹ́ẹ̀lì mọ́ kúrò nínú ewu o. Ẹ béèrè ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí kò bá sí, ẹ wo bí fèrèsé ṣe ń ṣí, ẹ ti ilẹ̀kùn bàkónì pa, kí ẹ sì gbé àga kúrò nítòsí méjèèjì. Ẹ yọ wáyà kẹ́túlù kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé e sókè. Okùn kọ́tìnnì tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ gbọ́dọ̀ di mímú so sókè, nítorí ó lè yí mọ́ ọrùn. Bó bá jẹ́ ilé àdáni ni ẹ yá, tí wọ́n ń fi gáàsì gbóná omi tàbí tí jẹnẹrétọ̀ wà, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa afẹ́fẹ́ carbon monoxide wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà kò rùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ náà kéré tó láti kó sínú àpò ìrìn àjò.

Èwo wá ni nínú òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àyágbé ọlọ́jọ́ díẹ̀? Fún ẹ̀yin mẹ́rin yìí, ilé àyágbé ni mo máa yàn, láìbìkítà bó bá tilẹ̀ kéré, tí kò sì rẹwà. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá kan máa ń gbé ìṣòro ilé àna tẹ̀lé yín ni. Bó bá di aago méje alẹ́ tí àwọn ọmọ ti sùn, inú òkùnkùn ni ẹ̀yin àti ọkọ yín yóò jókòó, tí ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, tí ẹ ó sì máa fi ọwọ́ bo iná fóònù. Mo mọ àwọn òbí tó ti jẹun alẹ́ lórí ilẹ̀ balùwẹ̀ nítorí èyí. Ohun tí ẹ ń wá ni yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn, àti ibòmíràn tí ẹ̀yin lè wà: pálọ̀ kékeré, tàbí yàrá òtẹ́ẹ̀lì méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn. Tí ẹ bá fẹ́ irú èyí, ẹ tẹnu mọ́ ọn pé ilẹ̀kùn tó jáde láti inú ọ̀kan sí èkejì ni ẹ ń sọ. Bí wọ́n bá kàn fún yín ní yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ńṣe lẹ ó pín ara yín sí méjì lálaalẹ́. Fíríìjì pọn dandan. Ilé ìdáná ń jẹ́ kí ẹ lè fọ fídà, kí ẹ sì gbọ́únjẹ fún ọmọ tó jí ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ náà dára, bí ó bá wà.

Jíjìnnà rẹ̀ sí ilé àna ṣe pàtàkì ju ẹwà rẹ̀ lọ. Ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ló dára jù. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ lẹ ó wọ̀, mi ò fẹ́ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìdí ni pé ọmọ oṣù méje tó bá fi ogún ìṣẹ́jú sùn nínú ọkọ̀ ti ba oorun ọ̀sán rẹ̀ jẹ́: yóò jí bí ẹ bá ti dúró, kò sì ní í sùn mọ́. Lálẹ́, ẹ wẹ àwọn ọmọ sílé àna, kí ẹ wọ aṣọ oorun fún wọn, kí gbogbo ẹbí kí wọn pé ó dàárọ̀, kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá sùn lójú ọ̀nà, gbígbé ni ẹ ó kàn gbé wọn sórí ibùsùn. Ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀ ni kí ẹ gbé dání tàbí kí ẹ ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀, àní fún ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí àbúrò kọjú sẹ́yìn ọkọ̀ nínú tirẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í rò. Ta ló yẹ kó sùn síta nínú gbogbo yín? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà ni òtẹ́ẹ̀lì rọrùn fún jù. Kò sóhun tó pọndandan nínú kí ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ jáde, kí ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń sùn títí aago mẹ́sàn-án sì wà nínú yàrá méjì. Bí òun bá gbà láti sùn síta, tí yàrá méjì bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ìdáhùn mi ti yí padà: ẹ dúró sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyàwó kọ́ lẹ ó bá ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ ọ́, àbúrò rẹ̀ gan-an sì lè má rí ẹnu sọ ọ́. Ìyá wọn nìkan ló lè dá irú ètò bẹ́ẹ̀ tí kò ní í di ọ̀rọ̀.

Èyí gbé wa dé bí ẹ ó ṣe sọ fún wọn. Ọkọ yín ni kó sọ ọ́, kó má fi rán yín, kó má sì sọ pé “ìyàwó mi ló ní.” Ohun tí ọmọ bá sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá lè bínú sí i fún ọjọ́ kan kó tán. Bí ìyàwó bá sọ ọ́, ó lè di ohun tí wọn yóò máa rántí. Kó sọ ọ́ kíákíá, kí wọ́n tó tún yàrá ṣe, kí wọ́n tó ra mátírẹ́ẹ̀sì tuntun, nítorí bí wọ́n bá ti náwó sí i, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè dùn mọ́. Kó pè wọ́n lórí fóònù, kó má kọ ọ́ ránṣẹ́. Kó má pa irọ́ pé iṣẹ́ ló ń gbé òun lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tàbí pé ara ọmọ kò yá. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá dé, ọmọ ọdún mẹ́ta yóò tú àṣírí náà.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ó lè sọ ọ́ báyìí: “Màmá, a ń bọ̀ o, a ó sì lo ọ̀sẹ̀ náà pé. Àwọn ọmọ yìí ń jí lóru gan-an, mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin àti Bàbá máa ṣàìsùn nítorí wọn. Mo ti rí ibì kan nítòsí ilé tí a ó ti máa sùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dọ̀ yín la ó wà títí di alẹ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ máa wẹ àbúrò láràárọ̀.” Ẹ ṣàkíyèsí pé kò bú ilé náà, kò sọ pé yàrá kéré, kò mẹ́nu ba ìgbà tó kọjá. Ó sì gbé ohun kan lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Àrífín tí ọkọ yín ń bẹ̀rù máa ń wá láti inú kí òbí rò pé ọmọ fẹ́ yọ kúrò lọ́dọ̀ òun. Bí wákàtí tí wọn yóò fi rí àwọn ọmọ bá ti hàn gbangba, tí ẹ sì mú un ṣẹ, ó máa ń rọlẹ̀. Bàbá àgbà tí òun fúnra rẹ̀ kì í rí oorun sùn dáadáa mọ́ lè máa dúpẹ́ nínú ọkàn, bí kò tilẹ̀ ní í sọ ọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́, tí ọkọ yín kò sì lè ṣe é? Ẹ dín ọjọ́ kù. Alẹ́ mẹ́ta nínú yàrá kan ṣeé fara dà. Méje kò ṣeé fara dà. Ẹ dé lójú ọ̀sán, kí àwọn ọmọ fi wákàtí díẹ̀ mọ yàrá náà kí wọ́n tó sùn síbẹ̀. Ẹ mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn wá láti ilé láìfọ̀, òórùn ilé wà lára rẹ̀. Ẹ fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, kí ẹ tan fáànù kí ìró rẹ̀ máa bo ìró pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kọjú rẹ̀ sí ọmọ. Ẹ mú àbúrò sùn ṣáájú, kí ẹ̀gbọ́n máa gbọ́ ìtàn lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kó wọlé lẹ́yìn wákàtí kan. Gbogbo ohun tí ẹ̀yin méjèèjì máa nílò lálẹ́, ẹ kó o jáde kúrò nínú yàrá ṣáájú aago méje. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín pín òru: ẹnì kan títí di aago méjì, èkejì láti ìgbà náà. Bí ẹ bá rékọjá ilẹ̀ tí aago rẹ̀ yàtọ̀, ara máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan kó tó bá a mu, nítorí náà fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lórí aago ilé wọn.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn, pé kí ẹ̀gbọ́n máa wá sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe lálẹ́ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe lálaalẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ti fi ọjọ́ méjì bá ìyá àgbà ṣeré lè fẹ́ ẹ, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn méjèèjì ju ohunkóhun lọ nínú ìbẹ̀wò náà. Ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ rí i pé oògùn ti wọ inú àpótí, pé ìyá àgbà lè gbé e bó bá jí, pé ó mọ ohun tó máa ń mú un sùn. Ẹ sọ fún ọmọ náà gan-an pé ẹ kò sí nínú ilé, pé ẹ ó wá láàárọ̀. Ẹ má yọ́ lọ nígbà tó bá sùn. Kí fóònù yín wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín, kí ẹ sì bá ìyá àgbà ṣe àdéhùn pé bó bá ké ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kó pè yín láìtijú, aago yòówù kó lù. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ibi tí ẹ máa sùn má jìnnà.